Pẹ́pẹ́yẹ Tí Àgbà Mẹ́wàá Rántí

Ẹ sún mọ́ mi níbí, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó ń fọ abọ́, fi í sílẹ̀, abọ́ kò ní sá lọ. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọlé, kí atẹ́gùn má baà gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mi lọ fún aládùúgbò. Ẹ fún ara yín láyè lórí àga gígùn yẹn. Ẹni tí ìdí rẹ̀ bá fẹ̀, kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bíi tèmi. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe fi ẹnu ara mi kó bá ọmọ ọmọ mi, àti bí ẹnu náà ṣe tún yọ ọ́.

Ọmọ ọmọ mi yìí, Kílódé là ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, kò sọ "màmá", kò sọ "omi", "kí ló dé?" ló kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò sì tíì sinmi dòní. Òjò rọ̀, kí ló dé? Òjò dá, kí ló dé? Ọjọ́ kan, mò ń fọ àwo, mò ń kọrin, ó dúró sí mi lẹ́yìn.

"Màmá Àgbà, kí ló dé tí ẹ kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, ṣùgbọ́n tí ẹ máa ń gbàgbé ibi tí ẹ fi gíláàsì ojú yín sí?"

Mo ní, "Ọmọ mi, gíláàsì kò ní ègbè."

Nígbà tó wọ yunifásítì, saikọ́lọ́jì ló lọ kọ́. Ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ó ti là á yé mi: ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń lọ nínú orí ènìyàn ni, ìdí tí a fi ń rántí, ìdí tí a fi ń bínú, ìdí tí a fi ń ra bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ wa nítorí pé ó pupa. Àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ kò le. Ọdún tó kẹ́yìn ló gbé ojú le koko. Lọ́dún yẹn, wọn kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí ẹ̀ka tirẹ̀ nìkan. Wọ́n ní saikọ́lọ́jì dà bí ìyá tó bí ọmọbìnrin púpọ̀, tí gbogbo wọn ti wọlé ọkọ. Kò sí àdúgbò tí kò ní àna. Ó bá àwọn dókítà ọpọlọ tan, ó bá àwọn olùkọ́ èdè tan, ó bá àwọn oníkọ̀ǹpútà tan, ó bá àwọn olórin tan. Iṣẹ́ àṣekágbá tí ọmọ bá fẹ́ ṣe, ó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn àna kan, ó kéré tán.

Kílódé kan ilẹ̀kùn orin.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, rọpárọsẹ̀ kọ lu ọkọ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sípò, ọwọ́ rẹ̀ padà sípò, ọ̀rọ̀ nìkan ló yarí. Tó bá fẹ́ sọ "omi", á la ẹnu, á pa ẹnu dé, omi kò ní jáde. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń kọrin nídìí ààrò, ni mo bá gbọ́ tó ń bá mi gbè é láti yàrá, tí ọ̀rọ̀ inú orin ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ketekete. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì rò pé olè ni. Láti ọjọ́ náà, ohun gbogbo tí ọkọ mi bá fẹ́, orin ló fi ń béèrè. Ẹ wá wo ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin nínú balùwẹ̀:

Omi dà o, omi dà?
Ọṣẹ bọ́ sí mi lójú, omi dà?
Aya mi àtàtà, omi dà?

Bí mo bá pẹ́ jù, ó máa ń dé ẹsẹ̀ kejì. Ẹsẹ̀ kejì kò ní "aya mi àtàtà" nínú.

Ohun tó mú Kílódé nìyẹn. Ilé ìwòsàn kan sì ti gbà láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú lọ́dún. Wọ́n ní kó mú èsì iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wá kó tó di ìparí oṣù. Bí kò bá yege, ẹlòmíràn ló máa jókòó sórí àga yẹn. Oṣù náà sì ti ń sá lọ.

Ohun tó fẹ́ ṣe kò lọ́jú pọ̀. Á kó ogún àgbà jọ, á fún wọn ní ọ̀rọ̀ méjìlá. Àwọn mẹ́wàá àárọ̀, á kọ ọ̀rọ̀ náà lórin fún wọn. Àwọn mẹ́wàá ọ̀sán, á kà á fún wọn lásán. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ìgbàgbé lè rí wọn bá ṣeré díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ èyí tó kù lórí wọn. Bí àwọn olórin bá rántí ju àwọn yòókù lọ, a jẹ́ pé orin ń ran ìrántí lọ́wọ́.

Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà ni? Mo lè sọ ìyẹn fún ẹ láti orí àga ilé ìdáná yìí."

"Ẹ lè sọ ọ́, Màmá Àgbà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi hàn."

"Kí ni ìyàtọ̀ sísọ àti fífi hàn?"

"Ọdún mẹ́rin."

Èmi ni mo bá a wá àwọn àgbà, láti àdúgbò wa níbí. Ọ̀rẹ́ mi Ìyá Aránṣọ wà níbẹ̀, tó ti ń rán aṣọ láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń lo ẹsẹ̀. Bàbá Alágogo wà níbẹ̀, tó ń tún aago gbogbo ènìyàn ṣe, tí òun fúnra rẹ̀ kì í dé ibì kankan lásìkò. Kílódé fún èmi náà níṣẹ́. Ó fi káàdì kan kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n kọ "Olùrànlọ́wọ́ Ìwádìí" sí i. Mo ní kó kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tún kà á.

"Iṣẹ́ yín ni kí ẹ fún wọn ní tíì àti bísíkíìtì," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò ní mọ̀ ọ́n? Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin gbáko ló fi dánra wò ní pálọ̀ pẹ̀lú aago lọ́wọ́, tó ń kà á gbẹrẹfu bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó kùnà: ṣíbí, ilẹ̀kùn, fìtílà, bàtà, òkúta, agbọ̀n, ìrọ̀rí, àkàbà, abẹ́rẹ́, dígí, ewúrẹ́, agboòrùn.

Àwọn àárọ̀ wọlé. Ọmọ mi mọ ìwé o, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi orin kún un. Ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti gbàgbé láti fi epo sí. Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá kan tẹnu bọ̀ mí létí, ó ní, "Ṣé ara ọmọ yẹn yá?" Èyí tó rántí jù nínú wọn rántí méje.

Àwọn ọ̀sán náà wọlé, ó kà á fún wọn, wọ́n jáde síta. Ìyá Aránṣọ gba tíì lọ́wọ́ mi, kò fẹnu kàn án.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ti lọ."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ṣíbí nìkan ló kù. Ó dá dúró lórí mi bí ìgbà tí ọbẹ̀ ti tán." Ó fa imú. "O mọ̀ pé àwọn ọmọ mi ti ń sọ pé mò ń gbàgbé. Ìkòkò kan ṣoṣo ló jóná lọ́wọ́ mi! Bí mo bá tún kùnà níbí, wọ́n á gba sítóòfù lọ́wọ́ mi. Wọ́n á máa gbé oúnjẹ inú ike wá fún mi. Oúnjẹ inú ike! Èmi!"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìdánwò orí nìyí?"

"Kí ni yunifásítì ń dán wò tí kì í ṣe orí? Ìdí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Ọ̀rẹ́ mi láti ogójì ọdún ń sunkún sínú tíì tí mo fi ọwọ́ mi pò. Wọ́n sì ní kí n má sọ. N ò sọ. Mo nu tábìlì, mo kó èérún bísíkíìtì sọ́wọ́, mo la ẹnu mi díẹ̀ báyìí:

Ṣíbí wà lẹ́nu ilẹ̀kùn o,
Fìtílà ń wo bàtà,
Òkúta wọnú agbọ̀n lọ,
Ó f'ìrọ̀rí ṣe àkàbà,
Abẹ́rẹ́ ń wo dígí o,
Ewúrẹ́ gbé agboòrùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tán sí. Ṣùgbọ́n orin kò tíì tán! Ó ku ẹsẹ̀ kan kó tó balẹ̀. Orin kì í ṣe aṣọ tí a lè gé níbi tó bá wù wá. Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa yun ènìyàn lára. Mo bá fi èyí tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn dí i:

Pẹ́pẹ́yẹ! Pẹ́pẹ́yẹ!
Pẹ́pẹ́yẹ ló ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá Aránṣọ gbé ife sílẹ̀. Bàbá Alágogo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn mẹ́ta gbè é. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, gbogbo àga gígùn náà ń mì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yàrá Kílódé wà ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn méjì ló dí i. Pátẹ́wọ́ nìkan ló gbọ́. Ó yọjú, gbogbo wa dákẹ́ wẹ́lo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ pé inú àwọn àgbà dùn, ó tún wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kó ìwé rẹ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ wa, ojú rẹ̀ là bí ojú ẹni tó rí iwin.

"Màmá Àgbà, àwọn tí mo kọrin fún rántí márùn-ún, mẹ́fà, méje. Àwọn tí mo kà á fún lásán, gbogbo wọn rántí méjìlá. Méjìlá, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá!"

"Ìyá Aránṣọ ńkọ́?"

"Méjìlá!"

Mo fò sókè, mo jó yí àga ká. N kò tiẹ̀ gbọ́ èyí tó sọ tẹ̀lé e.

"Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Gbogbo wọn tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí n kò kà fún wọn rárá. Pẹ́pẹ́yẹ. Àgbà mẹ́wàá, pẹ́pẹ́yẹ kan náà! Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, 'Ṣé ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ kankan fún yín níta?' Wọ́n ní rárá. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ kankan kò jáde lẹ́nu wọn," mo dá a lóhùn, òótọ́ sì ni lójú mi. Lójú àwọn náà, òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ. Ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé wọ́n rò pé orin náà wà lára ìwádìí. Ṣebí ẹni tó kọ ọ́ fi káàdì yunifásítì kọ́rùn.

Kílódé gbé pẹ́pẹ́yẹ náà lọ bá olùkọ́ rẹ̀ àgbà. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó ní gíláàsì ńlá lójú. "Ṣé-Ó-Dá-Ẹ-Lójú" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, torí bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Olùkọ́ náà ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ó bọ́ gíláàsì, ó nu ún, ó sì pe àwọn àna jọ.

Wọ́n ní kí n wá po tíì fún ìpàdé náà, kí wọ́n lè rí olùrànlọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan.

Dókítà ọpọlọ kó ọpọlọ oníke kan jáde nínú ọ̀rá, ó tú u sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ tà á, ègé kan tiẹ̀ yí bọ́ sábẹ́ àga. Ó na ìka sí ibì kan. "Níbí," ó ní. "Bí ara ibí yìí bá ti ń darúgbó, ó máa ń dá àwòrán sílẹ̀ láti fi dí ihò. Pẹ́pẹ́yẹ yín ti ibí jáde."

Olùkọ́ èdè rẹ́rìn-ín ìyọṣùtì. "Pẹ́pẹ́yẹ kò ní iṣẹ́ ṣe nínú ẹran ara, dókítà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì tó kẹ́yìn. Ewúrẹ́: ẹran ọ̀sìn. Agboòrùn: a máa ń ṣí i nínú òjò. Ẹran ọ̀sìn tó fẹ́ràn òjò, kí ni? Ọgbọ́n orí wọn ló so ó pọ̀!"

"Háà!" ni gbogbo wọn ṣe. Èmi náà ṣe "háà", ó bá mi lára mu gan-an.

Oníkọ̀ǹpútà ní tòun ni kí wọ́n wò. Ó ṣí àwòrán kan, àmì kékeré kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀. "Àmì mẹ́wàá nìyẹn," ó ní, "wọ́n gun orí ara wọn. Kí ènìyàn mẹ́wàá dá pẹ́pẹ́yẹ kan náà rò láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì, ó le ju kí ẹ sọ iyanrìn kan sókun, kí ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ kí ẹ tún un mú."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni olùkọ́ àgbà bi í.

"Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, Mà."

Bí oníkọ̀ǹpútà ṣe sọ "láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì" ni orin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn padà sí mi lórí, gbì. Mo wo ọpọlọ oníke. Mo wo àmì inú kọ̀ǹpútà. Mo wo àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́rin tí wọ́n ń bá ara wọn fa pẹ́pẹ́yẹ tí mo fi dí ojú orin. Mo wá wo Kílódé. Ojú rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun. Olùkọ́ àgbà sì ti ń sọ pé ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí olùdánwò àlejò bá dé láti yunifásítì mìíràn, pẹ́pẹ́yẹ yìí ni kó dìde sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo gba ife tíì òfìfo lọ́wọ́ wọn, mo jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa lọ sílé, Kílódé gbé orí lé mi léjìká.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá Àgbà. Kì í ṣe pé n kò ní yege. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé, bí mo bá kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, ẹnì kan á kà á ní ilé ìwòsàn, á sì fi tọ́jú ẹlòmíràn bíi Bàbá Àgbà. Nínú iṣẹ́ wa, irọ́ orí ìwé, aláìsàn ló ń jẹ ẹ́."

Mo ní kó sinmi. Nígbà tí a délé, mo bá ọkọ mi níbi tó ti ń bó ẹyin sísè, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹyin náà tán, ó nu ẹnu, ó fa ohùn:

Lọ sọ ọ́ o, lọ sọ ọ́,
Ẹnu tó dá a sílẹ̀, òun ni kó sọ ọ́.

"Wọ́n á lé e," mo ní. "Á pàdánù àga yẹn."

Ó tún orin náà kọ, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè sí i. Ẹ ò lè bá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ jiyàn. Ẹ óò kàn rí i pé ẹ ti ń gbè é.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, àga rẹ̀ ń dún. Olùdánwò àlejò jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí imú rẹ̀ dí, ó ń fọn ún lẹ́yìn gbogbo gbólóhùn. Kílódé sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa, ó fi àwòrán hàn wọ́n. Àlejò fọn imú.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Nígbà tí àwọn àgbà yìí ń dúró, báwo lo ṣe mọ̀ pé kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ràn wọ́n létí?"

"Ìyá ìyá mi ló ń ṣọ́ wọn, Sà. Mo fi ọkàn tán Màmá Àgbà."

Gbogbo orí yí sí mi. Ẹsẹ̀ mi dìde kí n tó fún un láṣẹ.

"Ẹ dákun, Sà," mo ní. "Pẹ́pẹ́yẹ yẹn, tèmi ni."



"Tiyín báwo, Màmá?"

"Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, n kò sọ ọ́, mo kọ ọ́ lórin. Ọ̀rẹ́ mi ń sunkún ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, orin kò tán, mo bá fi pẹ́pẹ́yẹ dí i. Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi ẹnì kan sí kíláàsì kan lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni kí ẹ fi síbẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta ni mo ti jáde."

Dókítà ọpọlọ wo ọpọlọ oníke rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dalẹ̀. Oníkọ̀ǹpútà rọra pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. Kílódé kò wò mí. Olùkọ́ àgbà ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Mà?"

"Ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ."

Àlejò ti aṣọ ìnumú bọ àpò. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ ká gbọ́."

Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí òkúta ti wọnú agbọ̀n, ara mi yá, mo fi pátẹ́wọ́ kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì péré. Àlejò bá ní kí gbogbo olùkọ́ mú bébà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Wọ́n kọ ọ́, kò sí ẹni tó kọ dín ní méjìlá. Dókítà ọpọlọ tiẹ̀ kọ pẹ́pẹ́yẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Àlejò rẹ́rìn-ín títí imú rẹ̀ fi là. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ wá le. Ó ní orin náà lágbára, gbogbo wọn ti rí i, ṣùgbọ́n rírí kì í ṣe ìwádìí. Ẹni tó gbọ́ orin àti ẹni tí kò gbọ́ ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn bí omi àti mílíìkì. Òun kò lè jẹ́ kí Kílódé yege lọ́jọ́ náà. Òun kò sì ní sọ pé ó kùnà. Òun fún un ní ọjọ́ mẹ́jọ: ọ̀rọ̀ tuntun, àgbà tuntun, kó sì kọ ìtàn pẹ́pẹ́yẹ náà sínú ìwé bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ohùn kan náà ni kó ka ọ̀rọ̀ náà, kó tún kọ ọ́ lórin, inú ẹ̀rọ ni kí wọ́n sì gbà á sí. "Ohùn màmá yìí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìwádìí, ẹ ti màmá mọ́ ibì kan."

Kílódé ń yára lọ níwájú mi títí a fi dé ibùdókọ̀. Mò ń wo ilẹ̀, mò ń wo bàtà mi. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ "pfff". Mo gbójú sókè, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni.

"Màmá Àgbà," ó ní, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn, "ó wà nínú ọpọlọ. 'Pẹ́pẹ́yẹ yín ti ibí jáde!'"

A rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀sì fi fi wá sílẹ̀. Èkejì ni a wọ̀. Kó tó dé ilé, ó yà sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ, ó ṣàlàyé fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìwádìí náà kò ṣe é fi mọ orí ẹni tó yè àti èyí tí kò yè. Sítóòfù dúró síbi tó wà.

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni a gba ohùn mi sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kìn-ín-ní, mo kí àwọn olùgbọ́ kú ìjókòó. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo béèrè ilé àti ọmọ. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ológbò kan já wọnú orin náà láìròtẹ́lẹ̀. Olùkọ́ orin tó jókòó ti ẹ̀rọ náà di orí rẹ̀ mú.

"Màmá, ọ̀rọ̀ méjìlá péré. Kò sí ẹranko. Kò sí 'o' ní ìparí. Kò sí ìkíni."

"Orin wo ni kò ní 'o'?"

"Èyí tí ọmọ yín máa fi yege."

Mo gbà. Mo kọ ọ́ láìní 'o'. Ó rí lẹ́nu mi bí ìgbà tí èèyàn jẹ búrẹ́dì láìsí omi, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Àgbà kò wọ́n wa mọ́: àwọn ogún àkọ́kọ́, ìtìjú mú wọn, oníkálùkù fa ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan wá. Ní ọjọ́ náà, wọ́n gba káàdì lọ́rùn mi, wọ́n fi mí ti akọ̀wé ẹ̀ka nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Wọ́n ní kí ẹ má kọrin, Mà," ni akọ̀wé sọ.

"Ṣé mo lè súfèé?"

Ó gbé fóònù, ó béèrè. "Wọ́n ní rárá."

"Kí n máa kùn ńkọ́? Ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun báyìí?"

Ó tún gbé fóònù. Ó pẹ́ díẹ̀. "Wọ́n ní kí ẹ gbìyànjú láti sùn."

Èsì jáde. Àwọn tó gbọ́ kíkà rántí márùn-ún sí méje. Àwọn tó gbọ́ orin rántí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó mú méjìlá, kò sí ẹranko tó ṣìnà wọlé. Kílódé gbé e síwájú olùkọ́ àgbà, àlejò sì ń gbọ́ lórí fóònù.

"Orin ń ran ìrántí lọ́wọ́," ni olùkọ́ àgbà kà. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Kílódé mí kanlẹ̀. "Díẹ̀, Mà. Ogún ènìyàn péré ni. Mo fẹ́ tún un wò lára ọgọ́rùn-ún kí n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kankan."

Olùkọ́ náà bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Díẹ̀ yẹn," ó ní, "ni mo ti ń retí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni." Ó fọwọ́ sí i. Àlejò fọn imú lórí fóònù, ó ní òun náà fọwọ́ sí i. Ọjọ́ méjì ló kù kí oṣù parí nígbà tí Kílódé gbé ìwé náà dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì fi àga náà hàn án: àga gidi ni, ó ní táyà mẹ́rin nísàlẹ̀, ó jókòó sórí rẹ̀, ó yí bírí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gbé tábìlì jáde sí ìta ilé wa. Ìrẹsì wà, adìyẹ wà, ẹja díndín wà, búrẹ́dì wà, ọsàn kún agbada. Ogójì àgbà wá, àwọn olùkọ́ wá. Dókítà ọpọlọ bu ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹta, olùkọ́ èdè sì ń ṣàlàyé fún un ìdí tó fi ń bù ú. Oníkọ̀ǹpútà gbìyànjú láti ka iye egungun tó wà níwájú Bàbá Alágogo, ó jáwọ́. Olùkọ́ àgbà bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga, ó ń fi egungun lu àwo. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a di èyí tó kù fún oníkálùkù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì yunifásítì, tó ti jẹun yó kí ẹnikẹ́ni tó jókòó, kó wọn jọ, ó sì ń sọ wọ́n kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn gbogbo wọn kún, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀, wọ́n ń sọ pé ó dàárọ̀ o, ó dàárọ̀.